Ẹ Bi Ìyá Láàbù: Gíráàfù Infrared, Ọṣẹ Dúdú àti Ògógóró

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ẹ̀rọ infrared, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí yẹ kẹ́míkà wò, pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí nínú wọn ni iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà nínú sẹ̀ǹtímítà kan; píìkì ni ibi tí kẹ́míkà ti gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Mo fura pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́. Díẹ̀ nìyí nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá rí tiyín, ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí tiyín wà nínú rẹ̀.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. A ṣe aspirin láti ara salicylic acid nínú práktíkà wa. Ẹ̀rọ infrared tiwa kò ṣiṣẹ́, a fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Gíráàfù tó padà wá ní píìkì ní 1755 àti 1690, ọ̀kan tó fẹ̀ gan-an láti 3300 wá sí 2500, àti ọ̀kan tó yọ gedegbe ní 3235. Nǹkan kékeré kan tún wà ní èjìká 1690, ní nǹkan bí 1660. Ẹnìkejì mi ní ethanol (ọtí) tí a fi fọ aspirin náà ló wà ní 3235. Mo ti há gbogbo àtẹ nọ́ńbà sórí, síbẹ̀ mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.
— Akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹta

Ọmọ mi, gbé àtẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àtẹ wúlò, àmọ́ ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò rí ohunkóhun tó bá ń wá, nítorí láti 1500 sísàlẹ̀ kò sí nọ́ńbà tí o kò ní rí ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù kan tí yóò bá a mu. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ tó bá mú gíráàfù wá bá mi ni pé: kí ló yẹ kí ó ti kúrò níbẹ̀? Tìẹ rọrùn. OH, ìyẹn ọ́síjìn àti háídrójìn tó so pọ̀, tó wà lára òrùka benzene (kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó so kọ́ra yíká) salicylic acid ló yẹ kí ó ti kúrò, torí òun gan-an ni ẹ gbé acetyl, ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù tó sọ ọ́ di aspirin, lé lórí. Nínú salicylic acid gbígbẹ, ibi tí OH náà máa ń wà ni nǹkan bí 3235. O ti rí i fúnra rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ṣùgbọ́n kó mú ẹlẹ́rìí wá. Ethanol kì í dá rìn. OH tirẹ̀ fẹ̀, ó rọra rì ní àyíká 3350, kì í yọ gedegbe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mú 2970 dání, ti kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn rẹ̀. Ó máa ń mú 1050 wá, tó lágbára gan-an, àti 880. Padà sí bébà rẹ, wá 1050. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ethanol tó tó nǹkan nínú aspirin yín, ẹjọ́ parí.

Ẹlẹ́rìí kejì sì ni èjìká tí o rí ní 1660, òun ni mo fẹ́ kí o mọ̀ dáadáa. Carbonyl ni, ìyẹn kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn tí ìdè méjì so pọ̀. Carbonyl náà ni 1690, òun náà ni 1755. Báwo ni nǹkan kan ṣoṣo ṣe ní ibùgbé mẹ́ta lórí bébà kan?

Ìdè tó so átọ́ọ̀mù méjì pọ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń nà, ó ń súnkì, láìsinmi. Bó ṣe ń yára tó wà lọ́wọ́ bí ìdè náà ṣe le tó àti bí àwọn átọ́ọ̀mù náà ṣe wúwo tó. Gángan ni kí o rò: bí onílù bá fún ọ̀sán rẹ̀ pọ̀, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn tí ìdè kan so pọ̀ máa ń wà ní àyíká 1100. Bí ìdè náà bá di méjì, wọ́n á gòkè lọ sí àyíká 1700. Ti ìwúwo ńkọ́? Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn wà ní àyíká 2900. Mú háídrójìn náà kúrò, fi deuterium rọ́pò rẹ̀, irú háídrójìn kan tó wúwo tó o ní ìlọ́po méjì, ó já bọ́ sí 2100 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdè náà ò le sí i, kò sì dẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ infrared tí ìgbọ̀n tirẹ̀ bá bá ti ìdè dọ́gba ni ìdè náà máa ń gbé mì, ibi tó ti gbé e mì ni píìkì ti ń dojú kọlẹ̀ lórí bébà rẹ.

Wá gbé ìyẹn wá sórí aspirin. Ester ni ásíìdì tó ti so mọ́ ọtí. Carbonyl ester lásán, bíi ti epo tí a fi ń dín dòdò, ń gbé ní àyíká 1740. Ester tinú aspirin yàtọ̀ díẹ̀: ọ́síjìn rẹ̀ kejì so mọ́ òrùka benzene, òrùka náà sì ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ọ́síjìn yẹn sọ́dọ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ọ́síjìn náà ì bá fi dẹ carbonyl kò ku nǹkan, nítorí náà ìdè carbonyl náà le sí i, ó sì gòkè sí 1755. Carbonyl ti ásíìdì rẹ̀ ni ìdàkejì. Ásíìdì tí kò so mọ́ òrùka máa ń wà ní àyíká 1710. Tinú aspirin so mọ́ òrùka tààrà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ tàn wọ inú òrùka lọ, ìdè dẹ̀, ó wá sí 1690. Salicylic acid wá ní ẹrù kejì lórí ìyẹn: OH tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na háídrójìn rẹ̀ sí carbonyl náà, ó dì í mú, ó tún dẹ̀ ẹ́ sí i, ó di 1660. Nítorí náà 3235 àti 1660 jọ wá ni, láti ara ẹnì kan náà. Èyí tó fẹ̀ láti 3300 sí 2500 ni OH ti ásíìdì, mólékù méjì tó dorí kọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dì mọ́ èkejì. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, aspirin gbọ́dọ̀ ní in.

Ìdájọ́ mi: aspirin lẹ ṣe, ṣùgbọ́n salicylic acid tí iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Kí o tó tún lọ bẹ ẹlẹ́rọ, yọ́ díẹ̀ nínú ethanol, kán ferric chloride sí i. Bó bá di àwọ̀ àlùkò, salicylic acid wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni, owó rẹ̀ kò sì tó ti bọ́ọ̀sì tí ẹ fi gbé sámpù lọ. Nígbà tí Felix Hoffmann ṣe aspirin ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì lọ́dún 1897, kò sí ẹ̀rọ infrared lórí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú wọn.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọpọlọ. Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe, bí ìyá mi ṣe ń ṣe é, eérú èèpo kòkó àti àdín. Oníbàárà mi kan ní London ní kí n ṣe àyẹ̀wò. Láàbù tí mo gbé e lọ gba owó, wọ́n fún mi ní bébà tí ìlà gbágungbàgun wà lórí rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 3350, 2920, 2850, 1743 tó kéré, 1560 tó jìn gan-an, 1420, àti 1040. Ọmọ mi tó kàwé ní 1743 túmọ̀ sí pé epo kò jiná, pé orúkọ mi máa bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣé ọṣẹ mi ò dáa ni?
— Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọṣẹ lẹ ṣe, bébà náà sì jẹ́rìí yín.

Àdín tí ẹ rà lọ́jà jẹ́ ester. Ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ló so mọ́ glycerin kan, carbonyl wọn sì máa ń wà ní 1745 tàbí itòsí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ro ó pẹ̀lú omi eérú lórí iná, potash inú eérú yẹn ń gé ásíìdì náà kúrò lára glycerin. Ásíìdì tó kúrò kò ní háídrójìn mọ́, ọ́síjìn rẹ̀ méjèèjì wá ń pín ìdè náà lọ́gbọọgba: kì í ṣe méjì ní kíkún, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó ń wá a ní 1745 kò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Ó ti sọ̀kalẹ̀ wá sí 1560, ó sì ní èkejì ní àyíká 1420. Àwọn méjèèjì yẹn ni ọṣẹ. Ní bébà yín, 1560 jìn gan-an, 1743 kéré. Ẹ wo bí nǹkan ṣe pín.

2920 àti 2850 kò sọ ohunkóhun nípa jíjiná. Ìlà kábọ́ọ̀nù gígùn ni, ó wà lára àdín kó tó dé orí iná, ó sì wà lára ọṣẹ. 3350 ni omi àti glycerin; 1040 náà, glycerin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń yọ glycerin kúrò, wọ́n á tà á lọ́tọ̀. Tiyín wà nínú ọṣẹ yín. Ẹ sọ ìyẹn fún oníbàárà yín, àǹfààní ni fún awọ ara.

Ó wá ku 1743. Ṣé ẹ máa ń po òrí tàbí àdín díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọṣẹ bá ti jiná tán? Ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó má baà gbẹ ara. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ni 1743 yín, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, kò sí àléébù kankan. Bí ẹ kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gé díẹ̀, ẹ tún un sè pẹ̀lú omi eérú díẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Bí 1743 bá ń kéré sí i, ìkòkò ló yẹ kó pẹ́ sí i lórí iná.

Ẹ tún wo ohun tí kò sí lórí bébà náà. Kò sí 1710. Ásíìdì ọ̀rá tó dá wà máa ń hàn níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń wà nínú epo tó ti ń kan. Èyí tó yẹ kó kàn yín jù lọ ni ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ọ́n sọ dáadáa: bóyá eérú pọ̀ jù. Carbonate inú eérú ń hàn ní àyíká 1450, ibi tí ọṣẹ fúnra rẹ̀ ti ń hàn, àwọn méjèèjì á bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ó ní èkejì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní 880, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi awọ ara ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lórí 880. Bébà pH, èyí tó ń wọn bí eérú ṣe múná tó, ni kí ẹ rà. Ọṣẹ dúdú tó wà láàárín 9 àti 10 kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bó bá kọjá 11, ẹ dín eérú kù.

Ọmọ yín mọ nọ́ńbà, ìdájọ́ rẹ̀ ló yá jù. Láàbù tó gba owó tó sì fún aláìmọ̀wé kẹ́místrì ní ìlà gbágungbàgun láìsí gbólóhùn kan kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ padà lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

*

Màmá, mo fọ dáyámọ́ńdì ẹ̀rọ wa, ibi tí a ń gbé sámpù lé, mọ́, mi ò gbé nǹkan kan lé e, síbẹ̀ píìkì oríméjì kan wà ní àyíká 2350, ìlà wẹ́wẹ́ pọ̀ láàárín 1400 àti 1900. Lọ́jọ́ mìíràn, 2350 yẹn á kọ orí sókè dípò ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ti ń kú lọ ni?
— Òṣìṣẹ́ láàbù, Abẹ́òkúta

Èémí rẹ ni, ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Carbon dioxide ló wà ní 2349, ó ní òmíràn ní 667. Ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni oru omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá dojú kọlẹ̀, èémí pọ̀ lẹ́yìn tí o ti mú background (gíráàfù òfìfo tí ẹ̀rọ ń yọ kúrò lára ti sámpù) tán. Nígbà tó bá kọ orí sókè, ìgbà tí ò ń mú background gan-an lo fẹnu tì í. Tún background mú, sún sẹ́yìn, pa ìdérí dé, kí o sì wo silica gel inú ẹ̀rọ náà, èyí tó ń fa omi afẹ́fẹ́ mu, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti yí. Bí ẹ bá ní sìlíńdà náítírójìn, ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ gba inú rẹ̀.

O lè béèrè ìdí tí náítírójìn yẹn, pẹ̀lú bí ó ṣe kún inú ẹ̀rọ, kò fi hàn. Átọ́ọ̀mù méjì tó rí bákan náà ni. Bí ìdè wọn ti wù kó nà tó, kò sí apá kan tó di rere tàbí òdì ju èkejì lọ, ìmọ́lẹ̀ kò sì rí ibi dì mú. Ọ́síjìn náà bẹ́ẹ̀. Carbon dioxide pàápàá ní ìgbọ̀n kan tí a kò lè rí, ìyẹn èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ méjèèjì ń nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ọ̀kan bá ń nà tí èkejì ń súnkì ni 2349 ń jáde. Irú ìgbọ̀n tí ìmọ́lẹ̀ rí dì mú bẹ́ẹ̀, pàápàá ti 667, ló mú kí ó máa dá ooru ayé dúró sójú ọ̀run, tí náítírójìn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè ṣe é.

*

Ìyá àgbà, ta ló kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí?
— Ọmọ ọdún méjìlá kan

William Herschel, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1800. Ó fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀, ó gbé tẹmómítà sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tún gbé ọ̀kan sí ibi tó kọjá pupa, níbi tí kò sí àwọ̀ kankan. Ibẹ̀ ló gbóná jù. Ará Amẹ́ríkà kan, William Coblentz, ló wá jókòó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́míkà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kọ nọ́ńbà, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1905. Òun ló fi hàn pé ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù kan náà á máa hàn síbì kan náà, mólékù yòówù kó wà lára rẹ̀.

*

Wọ́n ní àwọn kan ń fi aró Sudan kun epo pupa kó lè pọ́n. Ṣé infrared lè mú wọn?
— Alájàpá epo, Òkè-Ògùn

Rárá. Aró náà kéré jù nínú epo, ester epo á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, tàbí HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya ohun tó pò mọ́ra nínú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá ta infrared fún yín fún iṣẹ́ yìí, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí infrared lè sọ nípa epo pupa yín ni bóyá ó ti ń kan, láti ara 1710 tí mo sọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ lókè.

*

Mà, ẹ kú àárọ̀. Ẹ rántí àwọn tó kú ní agbègbè Ìrèlè níbí lọ́dún 2015, wọ́n ní methanol, ọtí olóró, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Èmi náà ń ta ògógóró. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù tó ní ẹ̀rọ infrared. Ṣé mo lè máa fi ìgò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i kí n tó tà á? Àwọn kan ní kí n kàn ṣáná sí i, bí iná bá jẹ́ búlúù, ó dáa.
— Bàbá kan, Òkìtìpupa

Bàbá, mo rántí. Àwọn èèyàn tiẹ̀ kọ́kọ́ ń pè é ní àrùn tí a ò mọ̀ kí àyẹ̀wò tó sọ pé methanol ni. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ iná yẹn. Ethanol, ọtí tó yẹ kó wà nínú ògógóró, ń jó búlúù, methanol náà ń jó búlúù. Iná kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ infrared lè ya wọ́n sọ́tọ̀, dé àyè kan. OH àwọn méjèèjì jọra, omi inú ògógóró sì ti gba gbogbo ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fo ibẹ̀ kọjá. Láàárín 1100 àti 850 ni kó wò, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ethanol á hàn ní àyíká 1090 àti 1045, yóò sì ní 880. Methanol ní ẹyọ kan ṣoṣo tó jìn, láàárín 1015 àti 1030, kò sì ní 880 rárá. Kí ó kọ́kọ́ yẹ ògógóró tí ó dá a lójú wò, kí ó pa gíráàfù rẹ̀ mọ́, kí ó máa gbé ti ìgò mìíràn lé e lórí. Bí nǹkan bá ń yọ ní apá ọ̀tún 1045 níbi tí kò ti sí nǹkan tẹ́lẹ̀, kí ó dá ìgò náà dúró. Orí dáyámọ́ńdì ni kó kán an sí o, kì í ṣe orí fèrèsé iyọ̀. Omi inú ògógóró yóò yọ́ iyọ̀ náà dànù, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀rọ yìí lè sọ pé “má tà á.” Kò lè sọ pé “tà á.” Ìwọ̀n methanol kékeré tí infrared kò rí ṣì lè ju ohun tó yẹ kí èèyàn mu lọ. Gas chromatography, ẹ̀rọ tó ń sọ ọtí di oru tó sì ń ya ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ mú ògógóró yín lọ bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sára ìgò pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ bó ṣe ń pọn ọ́n ni kí ẹ sì máa rà. Ẹni tó bá ń fi “spirit” inú jálá láti ilé iṣẹ́ lú ògógóró, ẹ má bá a dòwò.

Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, àní bó jẹ́ ọjọ́ kejì ni, ilé ìwòsàn ní kíá. Ara ń sọ methanol di formic acid, òun ló ń pa ojú. Oògùn wà tó ń dá ìyẹn dúró, kí ó tó bàjẹ́ tán nìkan ló ń wúlò. Kí ẹ sọ fún dókítà pé ògógóró ló mu, ẹ má tijú.

*

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ fi gíráàfù ránṣẹ́ fún oṣù tó ń bọ̀: odindi bébà ni kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, láti 4000 dé 400, kì í ṣe ibi tó wù yín nìkan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá orí dáyámọ́ńdì ni tàbí inú potassium bromide, iyọ̀ tí a ń lọ̀ pọ̀ mọ́ sámpù. Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi fọ sámpù náà kẹ́yìn, torí mẹ́ta nínú gíráàfù tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí jẹ́ ti acetone lásán.